Mo kàwé gboyè lórí ogun, lẹ́tà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun mi

Owó tí mo ná sórí project ọdún kẹrin ju owó ilé-ìwé tí mo san lọ́dún náà lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé ni mo fi rà. Ọkọ̀ ni, obì ni, táíìpù ni, fótòkọ́pì ni, owó ìtanràn sì tún wà níbẹ̀. Owó ìtanràn yẹn ló ń dùn mí jù, torí ọwọ́ mi kọ́ ló ti wá. Ẹni tó bá ń ronú àtika Peace and Conflict Studies ní yunifásítì ìjọba nílẹ̀ yìí, kó fara balẹ̀ kà á. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká fo JAMB àti post-UTME, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Ohun tí n kò lè fò ni ẹnu àwọn èèyàn. “Ṣé sójà lo fẹ́ dà ni?” Ìyá mi, tó ti fọkàn sí Law, ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé “nǹkan bíi Law” lọmọ òun ń kà. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, mi ò ní purọ́. A ka Clausewitz, ọmọ ogun Prussia tó ní ogun ò kúrò nínú ìṣèlú, pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìkan ló yí padà. A ka Johan Galtung, ará Norway tó dá ilé ìwádìí àlàáfíà sílẹ̀ ní Oslo lọ́dún 1959. Tiẹ̀ ni pé ìbọn lè dákẹ́ kí àlàáfíà má sì sí, pé bí ètò ìlú bá ń febi pa èèyàn, ìwà ipá náà nìyẹn. A ka ogun Biafra láti July 1967 títí dé January 1970, a ka bí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà, ṣe wọ Liberia ní 1990. Ibi tí mo ti jiyàn tí ohùn mi fi há ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Uppsala ní Sweden tí wọ́n ń ka òkú ogun kárí ayé. Lákọọ́lẹ̀ tiwọn, ìjà kan kò tíì di ìjà ológun àfi tó bá pa èèyàn 25 lójú ogun láàárín ọdún kan, kò sì tíì di ogun gan-an àfi tó bá pa 1,000. Mo ní ta ló ń ka òkú lábúlé tí ọlọ́pàá ò dé, tí oníròyìn ò mọ̀? Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tọ́jú ẹnu yẹn de project.

Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 wá jẹ oṣù mẹ́jọ nínú ayé wa. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tó kan project, ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000 ni mo mú wá, èyí tí ọ̀rọ̀ ibi tí orílé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ East yóò wà dá sílẹ̀. Alábòójútó mi wò mí títí. “Àwọn tó dáná sunlé ara wọn ṣì ń pàdé lọ́jà. Tí o bá bi wọ́n, ta ló máa dá ẹ lóhùn? Tí wọ́n bá sì dá ẹ lóhùn, ta ló máa gbà ẹ́ sílẹ̀?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Inú ń bí mi bí nǹkan míì.

Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà ẹ̀yìn. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi dá ogun Kírìjì dúró, èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, 23 September 1886, ẹ óò bá a níbẹ̀ pé kí wọ́n ṣí Mọ̀dákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá ni wọ́n tẹ Mọ̀dákẹ́kẹ́ dó, ẹ̀yìn Ìbàdàn ni wọ́n sì wà nígbà Kírìjì. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì ṣeé ṣe. Ọdún 1909 ni wọ́n tó tú ìlú ká, àwọn èèyàn ibẹ̀ tún padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìjà tún bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1997. Nítorí náà mo kọ àkọlé tuntun: ohun tí àdéhùn 1886 fi sílẹ̀ láìyanjú. Alábòójútó mi kà á, ó mi orí pé òun gbà. Mo ṣì ń fi àkọlé yẹn yangàn.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kó ìwé àtijọ́ síwájú ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mú lẹ́tà ẹ̀ka rẹ̀ dání, ààfin náà ò sì ní gbà á sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè. Wọn ò jẹ̀bi. Lẹ́tà ọ̀hún gan-an kò ju ìlà mélòó kan: akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka á buwọ́ lù ú, akọ̀wé á lu òǹtẹ̀, ó tán.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa (mi ò ní dárúkọ yunifásítì, ẹni tó bá kàwé níbẹ̀ ti mọ̀) gba ìwé tí mo fi béèrè lẹ́tà, ó fi tẹ́ abẹ́ kúlà oúnjẹ rẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀gá ò sí. Mo tún lọ, ọ̀gá wà, ṣùgbọ́n ó wà ní ìpàdé. Mo tún lọ, ìpàdé ti parí, ọ̀gá ti wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Ìgbà tí ọ̀gá fi máa ti Àbújá dé, wọ́n ń bi mí pé, “Ìwé wo?” Mo ní ìwé tí mo fún yín, mà. Ó ní kí n lọ kọ òmíràn wá. Nígbà tí mo sọ pé àsìkò ń lọ, ó ju ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan: “Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ àlàáfíà yìí, ẹ ò ní sùúrù rárá.” Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà jáde lọ́jọ́ kan. Mo dúpẹ́, mo ń kà á lọ sí ẹnu ọ̀nà, ni mo rí i pé Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo béèrè. Ìlú méjì ni! Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ibẹ̀ ni ìlú Fábùnmi, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 tí ọ̀rọ̀ fi di ogun. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn. Ọ̀kan ni ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ni ìparí, orí ìparí sì ni project mi dá lé. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún akọ̀wé. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe Ìmẹ̀sí náà ni?”

Lásìkò yìí, àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n pín ìwé ìbéèrè (questionnaire) yíká họ́sítẹ́ẹ̀lì ti dé orí kẹrin. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé ká fi project sílẹ̀ kọjá lórí mi. Ẹ̀ka tó gbé lẹ́tà mi pa mọ́ ni ẹ̀ka tó ní kí n san owó ìtanràn pé mo pẹ́. Mo san án. Rìsíìtì tí wọ́n fún mi, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ nìyí: mo lọ táíìpù lẹ́tà náà fúnra mi ní business centre, orúkọ ìlú bó ṣe yẹ, ipò kábíyèsí bó ṣe yẹ. Mo dúró ní ibi tí àwọn olùkọ́ ń gbé mọ́tò sí láàárọ̀ kùtù. Ọ̀gá ẹ̀ka sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, ó gba bírò, ó buwọ́ lù ú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá bi mí pé, “Kí ló dé tí o ò ti wá bá mi láti ọjọ́ yìí?” Ẹ wò ó, n kò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn mọ́.

Ohun tó tù mí nínú ni ọ̀rọ̀ Samuel Johnson, àlùfáà tó wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àdéhùn 1886 lọ, gbé e bọ̀, láàárín àwọn ológun. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí London, wọ́n sọ ọ́ nù sọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún gbogbo rẹ̀ kọ látinú ohun tó ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e ní 1916, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti padà rí ìwé náà. Ọdún 1921 ló tó di títẹ̀. Tèmi, abẹ́ kúlà lásán ni.

Bí mo ṣe dé Ìmẹ̀sí-Ilé báyìí, gbogbo ìbínú tán. Bàbá àgbà kan bi mí pé, “Ọmọ ibo ni ẹ́?” Mo ní ọmọ Ìbàdàn ni mí, sà. Ó sún fìlà sẹ́yìn, ó ké sí àwọn yòókù: “Ẹ̀yin èèyàn, Ìbàdàn tún ti dé o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí ọ̀kan fi ń húkọ́. Obì tí mo mú dání ni wọ́n pín, àmọ́ oúnjẹ tí wọ́n fún mi ju obì lọ. Láti orí òkè ibẹ̀, èèyàn á rí i pé ibùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ kò jìnnà rárá, ó sì yé mi bí ogun ṣe lè dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè tẹ̀ síwájú. Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú síbùdó ní 1885, ogun ò tán. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní 1886, síbẹ̀ Ìlọrin àti Ìbàdàn ṣì ń bá ara wọn fà á títí di 1893 tí Carter, gómìnà Èkó, fi gòkè wá.

Orí kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l’Ékòó dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ń fi ìbọn Snider tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé, ọ̀gágun wọn, nígbà tí ìbọn ṣakabùlà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Àwọn tó wà lókèèrè ń fowó ran ogun ilé lọ́wọ́: wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì bíi pé òde òní ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ táíìpù lẹ́tà yín fúnra yín, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà púpọ̀, kí wọ́n tó gba àkọlé yín gan-an. Ẹ wo máàpù kí ẹ tó dárúkọ ìlú fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Owó ọkọ̀ tí ẹ bá ṣírò, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sórí ìwé ìbéèrè họ́sítẹ́ẹ̀lì torí pé ó yá, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ogun.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà project mi (defence), olùdánwò tó ti ìta wá bi mí ìdí tí mo fi gba Johnson gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ lọ́kàn rẹ̀ wà. Mo ní n kò gbà á gbọ́ tán, sà, ìdí tí mo fi lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé nìyẹn. Ó wo alábòójútó mi, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Máàkì “A” ni wọ́n fún mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ka pè mí pé ẹ̀dà tí mo fi sílẹ̀ ò tó, kí n lọ báíńdì ọ̀kan sí i wá, kí n sì mú lẹ́tà dání.