Àwọn àṣìṣe tó ń lé ẹlẹgbẹ́ sá kí ìpàdé ẹgbẹ́ Law School tó dé

Ó ku oṣù mẹ́ta kí a ṣe ìpàdé ogún ọdún tí wọ́n pè wá sí Bar, ìyẹn tí wọ́n gbà wá sẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà, nígbà tí wọ́n ní kí n máa gba ìròyìn kálukú jọ fún ìwé ìrántí tí a fẹ́ tẹ̀. Mo bọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ wà báyìí àti ohun tí ẹ ń ṣe." Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ti di SAN (Senior Advocate of Nigeria), oyè tó ga jù lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà. Ó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọdún tí oyè náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ́fíìsì Victoria Island àti ti Àbújá, iye lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì ní Kánádà. Ó wá fi fọ́tò ilé tuntun tì í. Inú mi dùn, ó ṣì ń dùn títí di òní. A jọ jìyà Law School ní Bwari ni, oyè rẹ̀ oyè wa ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, odindi ọjọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Àmì àtẹ́wọ́ nìkan ni mò ń rí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo pe ẹnì kan tí a jọ gbé yàrá kan náà. Mo bi í pé ṣé kò rí ohun tí mo kọ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á rẹ́. Ìwé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìsẹ́yìn. Níbo ni kí n kọ ìyẹn sí lábẹ́ ti SAN?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa lè sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ẹni tí kò bá sì lè sọ̀rọ̀ kì í wá sípàdé. SAN wa kò ṣe ohun tó burú. Èmi tí mo ju ìbéèrè sí gbangba láìro ẹni tó máa sáré dáhùn, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yìí lé ìwọ náà lọ́wọ́, má ṣe bẹ̀rẹ̀ lójútáyé. Kọ́kọ́ pe ẹni mẹ́rin ní kọ̀rọ̀, àwọn tí ọ̀nà wọn ò jọra: ẹni tó ń lọ sí kóòtù lójoojúmọ́, ẹni tó wà níṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ń ṣòwò, ẹni tó wà nílé tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Bẹ̀ wọ́n pé kí tiwọn ṣáájú, kó má sì ju ìlà márùn-ún lọ. Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì. "Kí lo ti dà?" ń mú kí èèyàn máa fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn. Dípò rẹ̀, béèrè pé: "Kí lo rántí jù nínú ọdún yẹn, kí lò ń fi ọjọ́ rẹ ṣe báyìí, kí lo fẹ́ kí a bá ẹ yọ̀ sí tàbí kí a bá ẹ gbàdúrà lé lórí?" Kò sẹ́ni tí kò ní èsì sí ìyẹn.

Fọ́ọ̀mù tó ní àyè fún orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó àti iye ọmọ ńkọ́? Ẹ fà á ya. Ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọkọ àwọn kan ti kú nínú rẹ̀, ìgbéyàwó àwọn kan ti tú ká, àwọn mìíràn ṣì ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn sí tirẹ̀ kò nílò fọ́ọ̀mù kó tó sọ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ ń bà lọ́kàn jẹ́ yóò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, àyè òfìfo náà yóò sì máa sọ̀rọ̀ nínú ìwé tí a tẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Bákan náà ni fọ́tò àtijọ́: àwọn méjì tó ń fẹ́ra wọn nígbà náà ti ní ilé tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí. Béèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó gbé e jáde.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ti àwa lọ́yà gan-an: kí a fi ọdún ìpè nìkan mọ ẹni tó jẹ́ ara ẹgbẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́, ọdún tí wọ́n pe èèyàn sí Bar la fi ń mọ àgbà, òun la sábà fi ń mọ ẹni tí adájọ́ máa kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ láàárọ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n bá wa jókòó nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n wọ dúdú àti funfun bíi tiwa, tí wọ́n bá wa jẹ dínà, oúnjẹ alẹ́ àjọjẹ Law School, tí ìdánwò àṣekágbá wá gbé ṣubú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n yege, wọ́n sì pè wọ́n lẹ́yìn wa. Tí o bá fi orúkọ ọjọ́ ìpè nìkan kó àwọn èèyàn jọ, o ti tún já wọn lẹ́ẹ̀kejì. Kíláàsì ni kí o fi kó wọn jọ. Má sì gbàgbé pé nígbà tiwa, ibi mẹ́rin ni wọ́n pín wa sí: Bwari, Victoria Island, Agbani ní ìpínlẹ̀ Enugu, àti Bagauda ní Kano. Tó bá jẹ́ Bwari nìkan ló ń sọ ìtàn nínú gúrúùpù, àwọn ará Bagauda á rò pé àpèjẹ ẹlòmíràn ni wọ́n yà sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ti lọ. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa ló ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, ọ̀kan ní Bwari, èkejì ní Bagauda. Ọ̀kan ṣaláìsí. Ẹnì kan tó gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fi orúkọ èkejì sí abẹ́ "Àwọn olóògbé wa", ó sì fi ránṣẹ́ síta. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Ẹni tó ṣì wà láàyè yìí wà lọ́nà Lọ́kọ́ja, fóònù rẹ̀ kò lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń ka orúkọ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò tíì gbàgbé, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ẹbí ló ń túfọ̀, kì í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí o tó kọ "olóògbé", bá ẹnì kan nínú ẹbí sọ̀rọ̀, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sábà máa ń ṣe ìjókòó ìdágbére ní kóòtù fún lọ́yà tó bá kú, wọ́n á mọ̀. Béèrè lọ́wọ́ opó tàbí ọmọ rẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a kọ nípa rẹ̀. Ẹ ó rí i pé wọ́n máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ oníbàárà kì í ṣe ìròyìn ayé rẹ. "Èmi ni mo tú ìgbéyàwó gbajúmọ̀ kan ní Lẹ́kí lọ́dún tó kọjá." O kò dárúkọ, ṣùgbọ́n igba lọ́yà ló wà níbẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ní abala 192, di ẹnu wa lórí ohun tí oníbàárà bá sọ fún wa, ìdè náà kò sì tú nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ti di adájọ́, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Kí o kọ ọ́ sí adájọ́ tí ẹjọ́ rẹ wà níwájú rẹ̀ pé "Olúwa mi, ó di ọjọ́ kẹrin o" lè jọ eré lójú rẹ, àmọ́ lọ́yà tó wà lápá kejì lè wà nínú gúrúùpù kan náà, kó sì fi ìlà yẹn sọ pé kí adájọ́ yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Má fi orúkọ wọn ṣáájú nínú ìwé ìdáwó pẹ̀lú.

Ẹ má sì kọ "ó ti fi òfin sílẹ̀" nípa àwọn tó wà lókè òkun. Láti 2021, SQE (Solicitors Qualifying Examination) ni ìdánwò tí wọ́n ń ṣe láti di solicitor, irú lọ́yà kan, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti jẹ́ lọ́yà nílé tó fẹ́ máa ṣe é níbẹ̀ á tún padà sídìí ìwé. Mo mọ ẹnì kan tó ń tọ́jú arúgbó lóru, tó ń kàwé nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Lọ́yà ni. Ohun tó bá pe ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì: ẹ má tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé láìgba àṣẹ olúwarẹ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà, àwọn gbájúẹ̀ náà sì wà. Owó ìdáwó kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹlẹgbẹ́ tí a kò gbúròó láti ogún ọdún máa gbọ́ lẹ́nu wa.

Mo bẹ ẹni Ìsẹ́yìn pé kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ní àárọ̀ Ajé, ó kọ ọ́ pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ìjọba, pé méjì nínú wọn ti wọ yunifásítì láti kọ́ òfin, àti pé òun ṣì rántí alẹ́ dínà kejì tí ẹnì kan wá yá kóòtù dúdú òun nítorí tirẹ̀ ti ya léjìká. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí SAN wa fi dáhùn: "Èmi ni. N kò tíì dá a padà." Ó fi fọ́tò alẹ́ ọjọ́ náà tẹ̀ lé e, kóòtù náà tóbi jù ú lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni mọ́kànlélógún ti kọ tiwọn, ẹnì kan sì ń béèrè ẹni tó máa gba Ìbàdàn kọjá lọ sí Àbújá.