Bí Ọtí Bá Ti Di Bárakú: Ẹ Má Dá Jáwọ́ Lójijì

Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún kì í ṣe aláìnítìjú. Láti 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kà á sí àìsàn. Ọtí máa ń mú ọpọlọ rọ. Bó bá ń wọlé lójoojúmọ́, ọpọlọ á máa ta kò ó, á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ọtí ò bá dé, eré náà ò dúró. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n láàárọ̀ débi pé etí ife ń lu eyín ẹni tó fẹ́ mu omi, tí ara ò sì ní balẹ̀ àfi bí ọtí díẹ̀ bá wọlé. Ìbáwí àti ìbúra ò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ẹ ti rò ó rí pé ó yẹ kí ẹ dín ọtí kù? Ṣé inú máa ń bí yín bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sí mímu yín? Ṣé ẹ̀rí ọkàn ti dà yín láàmú rí nítorí ẹ̀? Ṣé ẹ ti mu ọtí rí ní kùtùkùtù kí ara lè balẹ̀? Bí méjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ rí dókítà. Bí ìkẹrin bá wà níbẹ̀, ẹ má dá jáwọ́ nílé rárá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìṣe: wọ́n á da gbogbo ọtí nù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún. Bíi wákàtí 6 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, òógùn, èébì àti àìróorunsùn lè bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè gbé e. Láti bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa ṣe ìránrán, kó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ara rẹ̀ gbóná, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Èyí lè pani. Bí gìrì bá gbé e, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu iye ọtí kù níwájú dókítà. Ẹ sọ iye tí ẹ ń mu lóòjọ́, aago tí ẹ mu kẹ́yìn, oògùn tí ẹ ń lò, àti bí gìrì bá ti gbé yín rí. Wọ́n sábà máa ń lo oògùn bíi diazepam, wọ́n á sì máa dín in kù fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ béèrè thiamine, ìyẹn fítámì B1. Àìtó rẹ̀ lè ba ìrántí jẹ́ pátápátá.

Bí ọtí bá ti kúrò lára, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oògùn mẹ́ta kan wà tó lè ranni lọ́wọ́ láti má ṣe padà sídìí ọtí. Naltrexone máa ń dín adùn ọtí kù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo tramadol tàbí codeine ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Acamprosate máa ń dín òùngbẹ ọtí kù. Disulfiram á sọ ọtí di àìsàn lójú ẹsẹ̀. Ó kéré tán, wákàtí 12 gbọ́dọ̀ ti kọjá láìsí ọtí kí ẹ tó lò ó, ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn ikọ́ olómi tó ní ọtí nínú. Ẹ tún wá àwọn tí ẹ lè jọ rin ìrìn àjò yìí. Ìpàdé Alcoholics Anonymous, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ò gba owó ìwọlé, wọn ò sì ní bi yín ní orúkọ bàbá yín.

Bí ẹ bá tún ṣubú, ẹ pe ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó tó di ọ̀sẹ̀. Ẹ má padà sí iye àtijọ́: ara ti gbàgbé rẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí. Bó bá sì ti pé ọjọ́ mélòó kan tí mímu ti padà, ẹ̀yin àti dókítà ni kẹ́ ẹ tún jọ jáwọ́.