Ìwé ìdámọ̀ kòkòrò wà lọ́wọ́, orúkọ ò jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Òṣogbo

Àwọn ohun tó máa ń rú àwọn tó ń fi ìwé wo kòkòrò ní Òṣogbo lójú jù lọ nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ọ̀nà àbáyọ.

Ìbéèrè: Mo ń ṣí ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, síbẹ̀ mi ò rí kòkòrò tó wà níwájú mi nínú rẹ̀.

Àwọ̀ lẹ fi ń wá a, àwọ̀ ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ pa ìwé dé ná. Ẹ ka ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, aláǹtakùn tàbí àkeekèé ni, abala tiwọn yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ìyẹ́. Eṣinṣin àti ẹ̀fọn ní méjì péré. Oyin àti agbọ́n ní mẹ́rin. Èyí tí ẹ pè ní oyin, tó ń dúró sójú kan lófuurufú lórí òdòdó, lè jẹ́ eṣinṣin tó kàn ní ìlà oyin lára: ìyẹ́ rẹ̀ ò ju méjì, ìwo rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí.

Ẹ tún wo bí ìyẹ́ ṣe sùn sẹ́yìn. Bó bá le, tí méjèèjì sì pàdé ní ìlà kan gbọọrọ láàárín ẹ̀yìn, ẹbí ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn ni. Bí ìyẹ́ bá gorí ara wọn, tí igun mẹ́ta kékeré wà láàárín èjìká, tí ẹnu sì ṣe ṣóńṣó, tó ká sábẹ́ àyà, àwọn tó ń fa omi ara ewé mu ló sábà máa ń jẹ́. Abala yẹn nìkan ni kí ẹ wá ṣí.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kòkòrò abìyẹ́ bo gbogbo abẹ́ iná wa. Ọmọ mi ní èèrà ni, èmi ní esunsun ni. Ta ló jàre?

Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ wo ìbàdí rẹ̀. Èèrà abìyẹ́ ní ìbàdí tín-ín-rín. Ti esunsun ò fún rárá, àyà àti ikùn rẹ̀ ki pọ̀ ni. Ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin esunsun gùn dọ́gba, wọ́n sì máa ń já dànù kíákíá. Ti èèrà, méjì iwájú gùn ju méjì ẹ̀yìn lọ. Ìwo esunsun gún bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a sín. Ti èèrà ṣẹ́ ní agbede.

Bí ẹ ò bá rí abala ikán nínú ìwé, ẹ wo ọ̀dọ̀ aáyán. Ìwé àtijọ́ ya ikán sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé tuntun ti kó o sínú ẹbí aáyán, torí ìbátan wọn nìyẹn. Bí esunsun bá ń tú jáde láti ara ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn yín, ikán ti wà nínú ilé náà. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Ìbéèrè: Labalábá méjì nínú ìwé jọra bí ìbejì: ara aláwọ̀ ọsàn, etí ìyẹ́ dúdú, ààmì funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú. Báwo ni mo ṣe máa yà wọ́n?

Èyí gan-an ló dùn jù láti wò. Ọ̀kan ni Danaus chrysippus. Ìkejì ni abo Hypolimnas misippus. Nígbà tí Danaus ṣì ń rákò, ewé olóje bíi bomubómu ló máa ń jẹ. Oró ewé náà lè wà lára rẹ̀ títí yóò fi fò, ẹyẹ tó bá sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ ẹ mọ́. Hypolimnas ò ní irú oró bẹ́ẹ̀. Abo rẹ̀ kàn fara jọ olóró ni.

Ìyẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Danaus ní tóótó dúdú mẹ́ta láàárín rẹ̀ bó bá jẹ́ abo, mẹ́rin bó bá jẹ́ akọ. Hypolimnas ní ẹyọ kan péré, létí òkè ìyẹ́ náà. Akọ Hypolimnas ò jọ wọ́n rárá: dúdú ni, pẹ̀lú ààmì funfun ńlá tí àwọ̀ aró ń kọ mànà létí wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí irú mìíràn.

Ohun mìíràn tó ń fa wàhálà ni pé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹ́ ẹ̀yìn Danaus sábà máa ń funfun. Bí ìwé yín bá ti òkè òkun wá, ó lè jẹ́ aláwọ̀ ọsàn nìkan ló yà síbẹ̀.

Ìbéèrè: Labalábá tí mo rí nígbà òjò ní ojú roboto lábẹ́ ìyẹ́, ti ìgbà ọyẹ́ dà bí ewé gbígbẹ. Irú kan náà ni?

Ó ṣeé ṣe. Melanitis leda máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ oṣù tí ẹ rí i sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìbéèrè: Kí n tó rí ojú ìwé, ó ti fò lọ.

Fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ yà á láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, àti níwájú orí. Ẹ ya ewé tó bà lé pẹ̀lú. Ẹ rọra sún mọ́ ọn dípò kí ẹ máa fi fóònù fa àwòrán rẹ̀ tóbi. Bí kò bá ní oró, ẹ dé e sínú ike tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ibi tí yìnyín ń dì máa pa á. Tó bá ti rọ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi awò ọwọ́ tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.

Áàpù bíi iNaturalist máa ń dá orúkọ lábàá, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò náà ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ni fọ́tò ò lè fi parí. Bí ẹ bá kọ orúkọ ẹbí nìkan sílẹ̀, ó sàn ju orúkọ tí ẹ fipá fún un lọ.

Ìbéèrè: Mo ta aṣọ funfun síwájú iná lálẹ́, àfòpiná wá, ṣùgbọ́n ọrùn mi lé ròrò lọ́jọ́ kejì.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Paederus lẹ tẹ̀ pa. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ: orí dúdú, àyà pupa rúsúrúsú, ìyẹ́ kúkúrú aláwọ̀ aró tó ń dán, ikùn pupa tí ìdí rẹ̀ dúdú. Kì í ta, kì í géni jẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni oró wà. Bó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan ojú kẹ́ ẹ tó fọ ọwọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbé àwọ̀n lọ sí Igbó Ọ̀ṣun?

Rárá o. Ibi mímọ́ ni, UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé ní 2005. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀. Ojú àti fóònù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Ibẹ̀ dára fún wíwo lámilámi lẹ́bàá odò tí oòrùn bá ti mú. Bó bá fò, ẹ dúró jẹ́ẹ́, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń padà sórí ẹ̀ka kan náà. Èyí tó na ìyẹ́ sílẹ̀ gbalaja nígbà tó bà ni lámilámi gan-an; èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó pa ìyẹ́ pọ̀ sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, ìbátan rẹ̀ ni, abala tirẹ̀ sì máa ń wà lọ́tọ̀ nínú ìwé.