Bí Mo Ṣe Yí Nọ́ńbà Ọ̀gá Padà Lára Séèfù Ẹgbẹ́ Wa

Owó tí a san fún ọkùnrin tó wá bá wa ṣí séèfù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn pọ̀ ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n owó náà kò dùn mí tó ohun tí mo fojú ara mi rí. Bọ́tìnnì 7 ló kú lára séèfù náà, nọ́ńbà tí èmi akápò àti alága nìkan mọ̀ sì ní 7 nínú, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè ṣí i. Mo rò pé ọkùnrin náà yóò gbé dírílì dé. Kò gbé nǹkan kan dé. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú séèfù, ó tẹ òdo léraléra, ilẹ̀kùn sì ṣí. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní nọ́ńbà ọ̀gá nìyẹn, nọ́ńbà kejì tó ń ṣí séèfù láìka èyí tí ẹni tó ni ín yàn sí, pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe séèfù ló ń fi òdo mẹ́fà síbẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ irú séèfù bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó yí i padà rí.

Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí a ti ra séèfù yìí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ òdo mẹ́fà ìbá ti kó ìwé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi dúró fún owó tí wọ́n yá, kò sì ní fi àmì kankan sílẹ̀ lára irin. Ẹni tó tà á fún wa ní Dùgbẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń yan nọ́ńbà tiwa, ó gba owó rẹ̀, kò sì sọ ìyókù.

Pípààrọ̀ bọ́tìnnì kò gba àkókò. Nọ́ńbà ọ̀gá ló dá wa dúró.

Mo kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó ní kò sẹ́ni tó ń yí i padà, pé bí a bá yí i tí a sì gbàgbé èyí tí a yàn, a ti ba séèfù jẹ́ nìyẹn. Mo béèrè ìwé ìlànà rẹ̀ ní kíkún, ó na ewé bébà kan ṣoṣo sí mi, èyí tí a ti ní tẹ́lẹ̀, tí kò sọ ju bí a ṣe ń ki bátìrì bọ̀ ọ́ lọ. Ó júwe àwọn tó kó o wọ̀lú fún mi. Àwọn yẹn béèrè rìsíìtì, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n béèrè àwòrán ẹ̀yìn séèfù, mo yà á. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́, alága sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, wọn kò gbé fóònù mi mọ́. Ohun tó bí mi nínú jù lọ ni pé wọ́n ń bi mí ní ẹ̀rí pé àwa la ni séèfù, nígbà tí séèfù fúnra rẹ̀ kò bi ẹni tó tẹ òdo mẹ́fà ní ohunkóhun.

Ọkùnrin tó ṣí i fún wa ní òun yóò yí i padà bí a bá tún sanwó, ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí n wo bí òun ṣe ń ṣe é. N kò gbà, nítorí nọ́ńbà ọ̀gá tí àjèjì bá yàn, tí ó sì há sórí, kò sàn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti di ariwo ní Amẹ́ríkà pàápàá. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Liberty Safe tó ń ṣe séèfù fún FBI ní nọ́ńbà tó ṣí séèfù oníbàárà kan, lẹ́yìn tí FBI fi ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ hàn. Nígbà tí àwọn oníbàárà bínú, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti pa nọ́ńbà ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ní 2024, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden kọ̀wé pé kí ìjọba kìlọ̀ fún ará ìlú nípa nọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe séèfù ń fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ní tiwa, n kò tilẹ̀ rí ẹni tí yóò dá mi lóhùn.

Nígbẹ̀yìn, mo tú síkúrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì rí nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù iná inú rẹ̀. Orúkọ tó wà níwájú séèfù ni mo ti ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù kan náà ni onírúurú ilé-iṣẹ́ ń rà, tí wọ́n ń lẹ orúkọ tiwọn mọ́ séèfù. Bí mo ti fi nọ́ńbà bọ́ọ̀dù wá a ni ìwé ìlànà kíkún jáde. Síbẹ̀, séèfù kò gbà: ó ń dún, ó ń tan iná pupa, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òótọ́ ni ẹni tó tà á sọ. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi tà á fún wa ni kò lágbára tó. Mo ra bátìrì alkaline, mo tún un ṣe, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí ní gbogbo àkókò yìí, mo sì dán nọ́ńbà tuntun wò léraléra kí n tó tì í. Mo tẹ òdo mẹ́fà níkẹyìn, séèfù kọ̀ ọ́. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni mo bojú wo ìyókù. Ihò kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì wà lábẹ́ ìdérí kékeré, kò sì le láti fi irinṣẹ́ ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. A ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. A fi bóòtù de séèfù mọ́ kọnkéré, nítorí nínú ọ̀pọ̀ séèfù olówó kékeré, irin kékeré tí iná bátìrì ń fà ló di ilẹ̀kùn mú, bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ lu orí séèfù bó ti ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, irin náà lè fò sókè kí ilẹ̀kùn sì ṣí. Dídè é mọ́lẹ̀ kò wo àrùn yẹn tán, ṣùgbọ́n ó dín mímì rẹ̀ kù, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e lọ.

Alága fẹ́ kí nọ́ńbà tuntun jẹ́ ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo kọ̀. Nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́rin tó ṣeé yàn jẹ́ 10,000, onímẹ́fà jẹ́ 1,000,000. Bí séèfù bá ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn àṣìtẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó ń dán an wò tọ̀sán-tòru yóò parí ti mẹ́rin láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ti mẹ́fà yóò sì gbà á ju ọdún méjì lọ. Bí bọ́tìnnì mẹ́rin bá sì dọ̀tí ju ìyókù lọ, ọ̀nà 24 péré ló kù láti tò wọ́n, nítorí náà mo máa ń nu gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé.

Nọ́ńbà ọ̀gá wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wà níbòmíràn tí kì í ṣe ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ ra séèfù oníbọ́tìnnì, kó ní kí ẹni tó ń tà á yí nọ́ńbà ọ̀gá padà lójú òun kí ó tó sanwó, kí ó sì gba ìwé ìlànà kíkún. Bí kò bá lè ṣe é, kó fi séèfù náà sílẹ̀ fún un.