Iná Ìkìlọ̀ Bíréèkì Ọkọ̀ Tí A Ń Fà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ọ́ Di Òpùrọ́

Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di ilé, tàbí Coaster tí wọ́n fi ń kó ohun èlò orin kiri, tó sì ń fa ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé e, nílò iná kékeré kan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iná yìí ní: kó sọ fún dírẹ́bà pé wọ́n ti tẹ bíréèkì ọkọ̀ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó jókòó sí ìdí sítíárìn ọkọ̀ ẹ̀yìn. Àpótí kan ló wà níwájú ìjókòó awakọ̀, tí apá rẹ̀ ń tẹ bíréèkì nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ń dúró. Bí apá yẹn bá há, tí kò padà sókè mọ́, bíréèkì á máa jó láti Berger títí dé orí Afárá Third Mainland. Dírẹ́bà ò ní mọ̀, torí agbára ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ńlá pọ̀ ju kó fura pé nǹkan ń fà á sẹ́yìn lọ. Kí ó tó gbóòórùn, páàdì ti jóná.

Iná náà kò wọ́n, wáyà rẹ̀ kò sì nípọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń so ni kò wúlò, torí ibi tí wọ́n ti mú wáyà rẹ̀.

Mímú wáyà láti búùtù

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì burú jù. Rewáyà á ṣí búùtù, á rí wáyà tó ń lọ sí gílóòbù bíréèkì, á fi tẹ́sítà kàn án, á rí i pé ó tàn, á sì mú wáyà iná ìkìlọ̀ láti ibẹ̀. Ibẹ̀ rọrùn láti dé, kò sì sí ẹni tó ń wù láti ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn Ládípọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni gílóòbù yẹn ti ń gba iná: láti súwíìṣì bíréèkì ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, àti láti bọ́ọ̀sì iwájú, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí i pé bọ́ọ̀sì ń dúró. Torí náà, gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì ni iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, àpótí ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ ni o, kò ṣiṣẹ́ ni o. Ó ti di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni sà" sí gbogbo ìbéèrè.

Ibi tó yẹ kí wáyà ti wá ni súwíìṣì tó wà lókè ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ẹ so ẹ̀yìn tẹ́sítà mọ́ irin ara ọkọ̀, kí ẹ wá fi ẹnu rẹ̀ kan àwọn wáyà súwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á ní iná nígbà gbogbo, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà nínú àpò yín. Èkejì kò ní ní iná àfi tí ẹ bá tẹ bíréèkì, èyí sì ni tiyín. Àwọn súwíìṣì kan ní wáyà mẹ́rin. Nínú wọn, ẹ máa rí èyí tó ní iná nígbà tí ẹ kò tẹ bíréèkì, tó sì kú nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ni ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà, pàápàá lára tòkunbọ̀ tí ọwọ́ mélòó kan ti kọjá lára rẹ̀.

Gbígbàgbé dáyódù, tàbí lílo èyí tí kò lágbára

Ibí ni àwọn tó ti mọ̀ pé súwíìṣì ni kí wọ́n ti mú wáyà náà ti ń ṣubú. Wáyà tó jáde láti súwíìṣì ló lọ tààrà sí gílóòbù ẹ̀yìn. Bí iná bọ́ọ̀sì bá wọ gílóòbù, ó máa gba wáyà kan náà padà sẹ́yìn títí dé ibi tí ẹ ti mú ti iná ìkìlọ̀, irọ́ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn nìkan: iná tó ń padà sẹ́yìn lè wọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ.

Dáyódù, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá, ló ń dí ọ̀nà yẹn. Ẹ gé wáyà tó ń bọ̀ láti súwíìṣì nítòsí gílóòbù, ẹ fi dáyódù sáàárín, kí ìdí rẹ̀ tó ní ìlà fàdákà kọjú sí gílóòbù. Iná bọ́ọ̀sì á wọlé lẹ́yìn dáyódù, lápá gílóòbù. Ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún.

Ọ̀pọ̀ ló ń ra 1N4007 torí òun ló wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́kitirọ́níìkì. 1 áńpù péré nìyẹn lè gbé. Gílóòbù bíréèkì 21 wáàtì ń fa áńpù 1.75 lórí 12 fólítì, torí náà dáyódù náà á gbóná, á jó, nígbà míì á dì pọ̀ kó sì máa gba iná kọjá síwá sẹ́yìn. Èyí tó jó tí ó ṣí sàn ju èyí tó dì pọ̀, torí ẹ máa rí i pé iná ẹ̀yìn kò tàn. Ẹ lo 6A10, tó lè gbé 6 áńpù, kí ẹ má sì fi tépù dì í mọ́ inú fóòmù. Ó nílò afẹ́fẹ́. Ó máa ń jẹ tó 0.7 fólítì, kò sì burú.

Èyí tó wù wá jù ni kí a má lo dáyódù rárá: kí a lu ihò sí ẹ̀yìn iná ọkọ̀ kékeré, kí a fi gílóòbù mìíràn àti ìdí rẹ̀ síbẹ̀, kí bọ́ọ̀sì máa tan tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wáyà ọkọ̀ kò ní pàdé wáyà bọ́ọ̀sì níbì kankan. Àmọ́ àyè gbọ́dọ̀ wà, kí ooru gílóòbù má baà yọ́ rọ́bà iná náà.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà lára ọkọ̀ tó ní iná bíréèkì kẹta lókè gíláàsì ẹ̀yìn. Bí dáyódù bá wà lẹ́yìn ibi tí wáyà iná kẹta ti yà, bíréèkì ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ nìkan ló máa tan iná kẹta. Ẹ lè mú wáyà ìkìlọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ tẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì kí ẹ lè rí i dájú pé iná kẹta kò tàn.

Fólítì tí kò bára mu

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá láti Yúróòpù àti Ṣáínà jẹ́ 24 fólítì. Mack láti Amẹ́ríkà jẹ́ 12. Coaster dísù wà tó jẹ́ 24, ó sì wà tó jẹ́ 12. Tí ẹ bá ki iná 24 bọ gílóòbù 12, yóò tàn yòò, ó sì parí. Ẹ má fi mítà kan bátìrì kan ṣoṣo kí ẹ sọ pé ẹ ti mọ̀, torí bátìrì 12 méjì tí wọ́n so tẹ̀léra á ṣì fi 12 hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí wáyà iná ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Bó bá jẹ́ 24, ẹ gbé rílé 24 fólítì (súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, tó sì ń pa) sínú búùtù ọkọ̀ kékeré. Iná bọ́ọ̀sì á máa gbé rílé náà nìkan; iná tí rílé ń fi ránṣẹ́ sí gílóòbù á wá láti bátìrì ọkọ̀ kékeré, pẹ̀lú fíúsì 10 áńpù nítòsí bátìrì. Ní ti iná ìkìlọ̀, 12 ni yóò máa jẹ́: pọ́sítíìfù rẹ̀ láti ọkọ̀ ẹ̀yìn, nẹ́gétíìfù rẹ̀ padà sí ọkọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má so pọ́sítíìfù rẹ̀ mọ́ ohunkóhun nínú bọ́ọ̀sì.

Ihò pílọ́ọ̀gì

Pílọ́ọ̀gì onihò méje ti 12 fólítì àti ti 24 jọra lójú, ṣùgbọ́n ètò wọn yàtọ̀. Nínú ti 12 ti Yúróòpù, ihò 3 ni bọ́dì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà), ihò 6 ni bíréèkì. Nínú ti 24, ihò 1 ni bọ́dì, ihò 4 ni bíréèkì. Nọ́ńbà wà lára rọ́bà náà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ihò 2 nínú ti 12 wà fún iná kùrukùru ẹ̀yìn, tí bọ́ọ̀sì wa kì í sábà lò. Ibẹ̀ dára fún wáyà ìkìlọ̀, bí ẹ bá ti yọ ohun tí bọ́ọ̀sì so mọ́ ọn. Pílọ́ọ̀gì pẹlẹbẹ onihò mẹ́rin ti Amẹ́ríkà kò ní àyè fún un rárá, torí bíréèkì àti tràfíkétọ̀ ló ń pín wáyà kan náà níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì yín bá ń lo irú ètò yẹn, tí ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ní tràfíkétọ̀ aláwọ̀ ọsàn tirẹ̀, ẹ máa nílò àpótí kékeré tó ń ya àwọn iná náà sọ́tọ̀. Ẹ má kàn so wọ́n pọ̀.

Bọ́dì tó gba irin ìfàkọ̀ kọjá

Àwọn kan gbà pé irin tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ ti tó láti dá iná padà. Irin yẹn ní ọ̀dà, gíríìsì àti ìpẹtà, ó sì ń mì. Àmì tí ẹ máa rí ni pé bí ẹ bá tẹ bíréèkì, tràfíkétọ̀ á máa tàn bàìbàì pẹ̀lú rẹ̀, tàbí iná ìkìlọ̀ á máa ṣẹ́jú bí táyà bá wọ kòtò. Iná tí kò rí ọ̀nà padà ló ń gba inú gílóòbù ẹlòmíràn kọjá. Wáyà bọ́dì tirẹ̀ lọ́tọ̀ gba inú pílọ́ọ̀gì, kó jẹ́ 2.5 mílímítà, òun ló gbọ́dọ̀ nípọn jù, torí gbogbo iná yòókù gba ibẹ̀ padà. Níbi tí ẹ bá ti so ó mọ́ ara ọkọ̀, ẹ fi sáńdípépà ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán.

Iná fúnra rẹ̀

Ẹ ṣọ́ra ní Àlàbà: iná róbótó tí wọ́n ń tà fún pánẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ wà ní 12, 24 àti 220, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ LED lásán tí kò ní nǹkan kan nínú ni ẹ rà, ẹ fi résísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dín iná kù) 680 óòmù, ½ wáàtì, ṣáájú rẹ̀. ¼ wáàtì máa ń gbóná jù nígbà tí bátìrì bá ń gba iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn ni pọ́sítíìfù. Ẹ gbé e síbi tí ojú dírẹ́bà ti lè rí i láìyí orí, kí ẹ sì fi nǹkan ṣíji bò ó, torí oòrùn ọ̀sán lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ lè pa á rẹ́.

Bí LED bá ń tàn fírífírí láìsí ẹni tó tẹ bíréèkì, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa fi iná díẹ̀díẹ̀ yẹ gílóòbù wò. Rílé 12 fólítì tí wáyà súwíìṣì ń gbé ló ń wo ìyẹn sàn.

Wáyà, ìsopọ̀ àti omi

Wáyà ilé tó ní irin kan ṣoṣo nínú kò yẹ fún ọkọ̀. Ó máa ń ṣẹ́ nínú awọ rẹ̀ níbi tí ojú kò ti rí i, torí ọkọ̀ ń mì. Wáyà onírin wẹ́wẹ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gé orí rẹ̀ wò: bí inú irin náà bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, ẹ dá a padà. 0.75 mílímítà tó fún iná ìkìlọ̀. Fún gílóòbù ẹ̀yìn, 1 mílímítà tó gùn tó mítà 15 á jẹ tó 0.9 fólítì nígbà tí gílóòbù méjì bá ń fa áńpù 3.5, kí dáyódù tó gba tirẹ̀. 2.5 kì í jẹ tó 0.4.

Fíúsì 1 áńpù gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n ìka díẹ̀ sí ibi tí ẹ ti mú wáyà ìkìlọ̀. Bó bá wà ní iwájú bọ́ọ̀sì, kò dáàbò bo gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fi ara gbo.

Kílíìpù aláwọ̀ búlúù tó ń jẹ wáyà lójú ẹsẹ̀ máa ń já wáyà wẹ́wẹ́, omi sì ń wọ̀ ọ́. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí ẹ fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Tépù dúdú máa ń tú nínú ooru. Bọ́ọ̀sì tí ń kọjá nínú omi Àjàh tàbí Àpápá lásìkò òjò kò ní dá pílọ́ọ̀gì sí: kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, kí gíríìsì tí wọ́n ṣe fún iná mànàmáná wà nínú ihò rẹ̀. Bí pín bá ti ń yọ nǹkan tútù bí ewé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Láàárín ọkọ̀ méjèèjì, ẹ yí sítíárìn bọ́ọ̀sì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì kí ẹ tó gé wáyà. Èyí tó kúrú á já nígbà tí ẹ bá ń yípo, èyí tó gùn jù á máa wọ́ nílẹ̀.

Ohun tí iná náà kò lè sọ

Súwíìṣì máa ń gba iná kọjá kí bíréèkì tó mú gan-an. Torí náà iná ìkìlọ̀ ń sọ pé wọ́n ti fọwọ́ kan ibi ìtẹ̀, kò sọ bí bíréèkì ṣe mú tó. Bí apá àpótí bá kàn gbára lé e, iná á tàn nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láìdúró. Ẹ fà á sẹ́yìn títí á fi kú, kí ẹ tó sọ pé súwíìṣì bàjẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀yìn kò ṣiṣẹ́: lẹ́yìn ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bíréèkì á le bí òkúta, àpótí tí kò mọ èyí á máa tẹ̀ ẹ́ lásán.

Kí ẹ tó jáde, ẹni méjì ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan tẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì, kí àpótí ẹ̀yìn wà ní pípa: iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ tàn, iná ìkìlọ̀ kò gbọ́dọ̀ tàn. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Èkejì wọ ọkọ̀ kékeré, ó tẹ bíréèkì rẹ̀: iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ẹ tan iná alẹ́ àti tràfíkétọ̀ ọ̀tún, kí ẹ tún méjèèjì ṣe. Bí ohunkóhun bá yí padà lásìkò yẹn, ẹ padà sídìí wáyà bọ́dì.