Bí mo ṣe kọ orúkọ àti fọ́múlà kọ́ńpáùndì 60 tán

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ kẹ́mísírì ni, kọ́ńpáùndì (ohun tí átọ́mù oríṣiríṣi so pọ̀ dá) 60, 30 jẹ́ orúkọ tí mo máa sọ di fọ́múlà, 30 tó kù jẹ́ fọ́múlà tí mo máa fún lórúkọ, mo dẹ̀ ti bá ara mi ṣàdéhùn pé mi ò ní ṣí ojú ewé ìdáhùn àfi tí mo bá kọ èyí tó kẹ́yìn tán. Nígbà tí mo máàkì ẹ̀, 23 ni mo kùnà.

Mo wá mú àwọn 23 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe ìdáhùn nìkan ni mo ń wá, mo fẹ́ mọ nǹkan tó ṣì mí lọ́nà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, mo ti ń sọ wọ́n lórúkọ kí n tó mọ ilé tí wọ́n ti wá. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé méjì ló dẹ̀ wà níbí. Tí mẹ́táàlì bá pàdé èyí tí kì í ṣe mẹ́táàlì, mẹ́táàlì á yọ elẹ́kítírọ́ọ̀nù fún ìkejì, àwọn méjèèjì á di áyọ́nù, ọ̀kan pọ́sítíìfù ọ̀kan nẹ́gátíìfù, wọ́n á wá fa ara wọn mọ́ra. Ayọ́níìkì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé kò sí mẹ́táàlì nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa yọ tiẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ńṣe ni wọ́n jọ máa lò ó, ìyẹn ni kòfálẹ́ǹtì. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo wá ń bi ara mi kí n tó gbé bírò ni pé, ṣé mẹ́táàlì wà níbẹ̀? (Ammonium, NH₄⁺, nìkan ni mo yà sọ́tọ̀, kò ní mẹ́táàlì nínú ṣùgbọ́n ilé ayọ́níìkì ló ń gbé.)

Ẹ wo MgCl₂. Mo rí 2 lábẹ́ Cl, mo dẹ̀ kọ magnesium dichloride láìronú. Magnesium chloride lásán ni. Magnesium máa ń jẹ́ 2+ nígbà gbogbo (ṣájì ẹ̀ nìyẹn, ó yọ elẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì), chloride dẹ̀ jẹ́ 1− (ó gba ẹyọ kan), ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ̀ pé méjì ni chloride gbọ́dọ̀ jẹ́, kí la tún fẹ́ kà fún un? Ilé kejì ló nílò ìkà. Ẹ wo nitrogen àti oxygen, N₂O wà, NO wà, NO₂, N₂O₃, N₂O₄, N₂O₅, gbogbo wọn ló wà lóòótọ́, tí mo bá kàn sọ pé nitrogen oxide, èwo ni mo ń sọ? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi di, tri, tetra, penta, hexa (méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà) ṣíwájú, kí iye wà nínú orúkọ. N₂O₅ ń jẹ́ dinitrogen pentoxide, SF₆ ń jẹ́ sulfur hexafluoride. Mono, ìyẹn ọ̀kan, kì í sí lórí èyí tó ṣíwájú, nítorí náà CO jẹ́ carbon monoxide, a kì í sọ monocarbon. Ìgbà tí mo mọ ìdí yìí ni ọkàn mi balẹ̀, torí mi ò ní láti há òfin sórí mọ́.

Láti orúkọ sí fọ́múlà, bí ẹní ń san gbèsè ni mo ṣe ń rò ó, ohun tí ọ̀kan fún ni àti ohun tí ìkejì gbà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Aluminium oxide: aluminium ní 3+, oxygen ní 2−, iye tí 3 àti 2 jọ lè wọ̀ ni 6, aluminium méjì á mú 6 wá, oxygen mẹ́ta á gba 6, ó di Al₂O₃. Wọ́n kọ́ wa pé ká kàn gbé nọ́ńbà ṣájì ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá sábẹ́ ìkejì, ó máa ń yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló mú mi kọ Pb₂O₄ fún lead(IV) oxide (IV yẹn ń sọ pé lead, Pb, ní 4+), nígbà tó jẹ́ pé PbO₂ ló yẹ, torí ayọ́níìkì là ń dín kù dé ibi tó kéré jù. Àṣìṣe tó wá dùn mí jù, mo mú ìdínkù yẹn lọ sílé kejì, mo sọ dinitrogen tetroxide di NO₂! Kòfálẹ́ǹtì, iye átọ́mù tó wà nínú mólékù kan gan-an là ń kọ, kò sóhun tá a máa dín. NO₂ jẹ́ gáàsì tó pọ́n bíi búráùn, N₂O₄ ò ní àwọ̀ kankan, ẹ ò rí i pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn áyọ́nù tó jẹ́ àkójọ, ìyẹn átọ́mù mélòó kan tó so pọ̀ tí wọ́n jọ ní ṣájì kan, àfi kéèyàn há wọn sórí, kò sọ́nà míì. Bébà pélébé ni mo kọ wọ́n sí, fọ́múlà níwájú, orúkọ lẹ́yìn: NO₃⁻ nitrate, SO₄²⁻ sulfate, CO₃²⁻ carbonate, PO₄³⁻ phosphate, OH⁻ hydroxide. Tó bá parí sí ite dípò ate, oxygen kan ló dín, ṣájì ò yí padà, NO₂⁻ nitrite, SO₃²⁻ sulfite. Tí wọ́n bá dẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ má gbàgbé brákẹ́ẹ̀tì o, Ca(OH)₂ ní oxygen méjì àti hydrogen méjì, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní CaOH₂, hydrogen nìkan lẹ sọ di méjì.

Iron, copper, lead, àwọn wọ̀nyí kì í ní ṣájì kan pàtó, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà Róòmù fi ń wà nínú orúkọ wọn. Alfred Stock, ará Jámánì, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1919. Kó tó dé, ferrous ni wọ́n ń pe iron 2+, ferric ni wọ́n ń pe iron 3+, látinú ferrum tí èdè Látìn ń pe irin, ẹ ṣì máa rí ferrous sulfate lára oògùn ẹ̀jẹ̀, iron(II) sulfate náà ni. Bí mo ṣe ń wá nọ́ńbà yẹn rèé. Fe₂(SO₄)₃: ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, sulfate mẹ́ta, méjì méjì, 6− nìyẹn, iron méjì ló máa pín 6+ láàárín ara wọn, mẹ́ta mẹ́ta, iron(III) sulfate.

Mo fi ọjọ́ kan sinmi, mo tún gbogbo 60 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, méjì péré ni mo kùnà. Ọ̀kan ni NaNO₂ tí mo pè ní sodium nitrate, ìkánjú ni, mi ò ka oxygen ẹ̀ dáadáa. Ìkejì ni Cu₂O, mo rí 2 lábẹ́ Cu, mo kọ copper(II) oxide. Nọ́ńbà Róòmù kì í ṣe iye mẹ́táàlì o, ṣájì ẹyọ kan ló ń sọ. Oxygen kan 2−, copper méjì pín in, ọ̀kan ọ̀kan, copper(I) oxide. Mo kọ ọ́ sí bébà kan, mo fi CuO tó jẹ́ copper(II) oxide sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú ibi tí mo ti ń kàwé, ibẹ̀ ló ṣì wà.