Bí Tọkọtaya Tuntun Ṣe Lè Mọ Ìlú Tí Wọ́n Ń Gbé Lókè Òkun

Lọ́dọọdún, pàápàá ní oṣù December tí àwọn ọmọ ìlú máa ń wálé, ìgbéyàwó máa ń pọ̀ ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọkọtaya tí a bá jó yóò ti di èrò ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń lọ gbé ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí. Bí èmi àti ọkọ mi náà ṣe lọ nìyẹn. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ọmọ Òkèlele ní Ìlọrin ni òun, a sì gbé ọdún mẹ́ta ní Leeds, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a tó padà wá fìdí kalẹ̀ sí Tánkẹ̀ ní Ìlọrin. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń múra àtilọ sí ìlú kan náà báyìí, nítorí wọn ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àti nítorí gbogbo ẹni tí ó bá wà nípò wọn.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí a lò ní Leeds, a kò mọ Leeds. Ọkọ mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójú ọ̀sán, èmi ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó lóru, ẹnu ọ̀nà ni a ti ń pàdé, bí ẹnì kan ti ń bọ́ bàtà ni ẹnì kejì ń wọ tirẹ̀. Ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ilé ìtajà tí ó wà ní ìkángun àdúgbò wa nìkan ni mo mọ̀. Bí ìyá mi bá pè láti Ọ̀fà, tí ó ní kí n sọ bí ìlú náà ṣe rí, òtútù ni mo máa ń sọ fún un. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà tí a gbà jáde kúrò nínú irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ọjọ́ kan lọ sí Èsìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, kí ẹ fi ojú ara yín rí àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní 800, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leeds bi mí léèrè ohun tí àlejò lè wò ní ìpínlẹ̀ mi, mo dárúkọ Èsìẹ́, ó ní kí n sọ bí àwọn ère náà ṣe rí, n kò sì rí nǹkan kan sọ, nítorí pé láti Ọ̀fà sí Èsìẹ́ kò jìnnà, síbẹ̀ n kò débẹ̀ rí. Ojú tì mí gan-an ní ọjọ́ náà. Wọn yóò bi ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí ó bá yín pẹ̀lú ìdáhùn.

Ní ti ẹrù, ẹ rántí pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èrò kó ẹran tàbí ohunkóhun tí a fi wàrà màlúù ṣe wọlé láti Nàìjíríà, nítorí náà ẹ fi kílíṣí àti wàrà sílẹ̀ fún àwọn ará ilé, bí ó ti wù kí ó dùn yín tó.

Bí ẹ bá ti débẹ̀, kí ẹ tó ronú nípa ibi ìgbafẹ́ kankan, ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní ta fún iṣẹ́. Mo mọ̀ pé owó físà àti owó ilé ń dúró dè yín, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá pè pé ẹnì kan kò wá, pé kí ẹ wá gba ṣíìfù rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ kò ní lè wá. Ọjọ́ Sátidé ni àwa yàn, a sì ń gba ibi tí a óò lọ ní ipò-ní-ipò, ọ̀sẹ̀ yìí ìyàwó ni yóò yan ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ ọkọ ni yóò yàn, ẹni tí kò kàn kò sì gbọdọ̀ ráhùn. Ọkọ mi yan pápá bọ́ọ̀lù nígbà kan, mo tẹ̀lé e. Èmi yan ọjà aṣọ, ó bá mi gbé àpò.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má lọ jìnnà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò ní àkókò tí ara yín le, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ti san owó ìlera mọ́ owó físà, èyí tí ó jẹ́ pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún fún òṣìṣẹ́ àti 776 fún akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù February ọdún 2024. Ẹ fi nọ́ńbà 999 pamọ́ fún pàjáwìrì, kí ẹ fi 111 pamọ́ fún àìsàn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí: ní Leeds, garawa dúdú wà fún ìdọ̀tí lásán, aláwọ̀ ewé wà fún ohun tí wọ́n lè tún lò, bí ẹ bá sì pa wọ́n pọ̀, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún yín lẹ́nu ọ̀nà.

Oòrùn ibẹ̀ gba ìmúra. Ní oṣù December, kò tíì tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn fi máa ń wọ̀. Ní oṣù June, ó máa ń kọjá aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ wá ìwé àkókò ìrun mọ́sálásí ìlú náà sórí fóònù yín, nítorí pé lákòókò òtútù, bí ẹ bá kúnlẹ̀ fún Ailá pẹ́nrẹ́n, Àsárì ti dé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé, ẹ óò máa fi oorun lójú dúró de Iṣáì. Ní Sunday tí ó kẹ́yìn oṣù March wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á sì dá a padà ní Sunday tí ó kẹ́yìn oṣù October.

Lẹ́yìn èyí ni ọjà kàn, níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti pẹ́. Ilé ìtajà ńlá kò lè mú yín mọ ìlú, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọjà Kirkgate tí ó wà láàárín Leeds ni kí ẹ lọ. Níbẹ̀ ni Michael Marks, tí òun náà jẹ́ àjèjì tí ó ṣí wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù, ti pa àtẹ sí ní ọdún 1884, òwò àtẹ yẹn ni ó sì di ilé iṣẹ́ ìtajà ńlá tí ń jẹ́ Marks & Spencer. Ẹ óò rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata rodo níbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ, ọkọ mi gbé iṣu kan sókè, ó fi èékánná họ ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ó wá gbé e sétí. Ọkùnrin tí ń tajà bi í ohun tí ó ń gbọ́. Ọkọ mi ṣàlàyé fún un bí a ti ń mọ iṣu tí ó ti bàjẹ́ nínú, ọkùnrin náà gba iṣu mìíràn, ó gbá tirẹ̀, ó fetí sí i, ó ní èyí kò dára, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ní ojúlùmọ̀ ní Leeds. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹ máa ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kí ẹ máa kí i, kí ẹ sì máa béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, nítorí pé òun ni ó sọ ibi tí a ti lè rí ẹran tí a pa ní ìlànà ẹ̀sìn, òun náà ni ó sì sọ bọ́ọ̀sì tí ó yá jù dé àdúgbò wa.

Bí wàrà bá ń wù yín, ẹ ra mílíìkì tútù tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, ẹ gbé e kaná títí yóò fi fẹ́ hó, kí ẹ wá fún ọsàn kíkan sí i díẹ̀díẹ̀ dípò omi ewé bọ̀mùbọ́mù. Ẹ má rò ó jù, yóò dì fúnra rẹ̀. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ tẹ omi rẹ̀ kúrò, ẹ gé e, kí ẹ dín in. Kò dà bí ti àwọn Fúlàní tí ń kiri ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kún ilé wa dáadáa.

Nígbà tí ẹ bá mọ ọjà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Odò Aire ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ wá afárá tí wọ́n ṣí ní oṣù January ọdún 2023, tí wọ́n sọ ní David Oluwale. Ọmọ Nàìjíríà ni. Ó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ní ọdún 1949, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Hull, ó wá sí Leeds, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ó jáde kò ní ilé tí ó lè wọ̀, ìta ni ó ń sùn. Àwọn ọlọ́pàá kan ń lù ú, wọ́n ń lé e káàkiri. Ní ọdún 1969, inú odò Aire ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀, ní ọdún 1971 ilé ẹjọ́ sì rán ọlọ́pàá méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí lílù tí wọ́n ń lù ú. Àwọn tí ń kọjá lórí afárá náà ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹnu wọn bá ti gbé e. Ọkọ mi dúró láàárín afárá, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó pè é bí àwọn òbí rẹ̀ yóò ti pè é: Olúwálé. N kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé òdìkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Láti àárín ìlú, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí wọ́n gbẹ́ láti Leeds dé Liverpool, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 127. Bí ẹ bá tẹ̀lé e fún nǹkan bíi kìlómítà 5, ẹ óò dé tòsí Kirkstall Abbey, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1152, tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró láìní òrùlé. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ lọ sí Royal Armouries náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ohun ìjà, ní ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin jáde kúrò ní ìlú, ẹ ra káàdì tí wọ́n ń pè ní Two Together Railcard. Bí ẹni pé nítorí tọkọtaya tuntun ni wọ́n ṣe ṣe é: àwòrán ẹ̀yin méjèèjì ni yóò wà lórí rẹ̀, yóò gé ìdá mẹ́ta kan kúrò nínú owó ọkọ̀ yín fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, kì í sì í ṣiṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ láti Monday dé Friday. Ẹ ka ohun tí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ìlú York ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òtútù mú wa débi pé a wọ ọkọ̀ tí ó ṣáájú èyí tí a sanwó rẹ̀. Ẹni tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní irú tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí a rà kò wúlò fún ọkọ̀ mìíràn, kò gba àlàyé kankan, a sì san owó tuntun ní kíkún. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni ó bá a lọ.

York fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin tí ó wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni Mallard wà, ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tí ó sáré máìlì 126 ní wákàtí kan ní ọdún 1938, tí ọkọ̀ ojú irin mìíràn tí ń lo ooru omi kò sì tíì sáré jù ú lọ. Ẹni tí a bí sí tòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà, tí bàbá rẹ̀ àgbà ti gba ibẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Èkó, kò ní fẹ́ tètè jáde.

Ẹ fi London sí òpin ọdún. Ní British Museum, tí ọ̀fẹ́ ni òun náà, ẹ béèrè orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Bí ẹ bá ti rí ti Èsìẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ óò ní ohun tí ẹ óò fi wé e, ẹ óò sì ní ohun tí ẹ óò bá ara yín jiyàn lé lórí títí ọkọ̀ yóò fi gbé yín dé Leeds.

Malham Cove ni kí ẹ lọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti móoru. Òkè òkúta funfun ni, ó ga tó nǹkan bíi mítà 80. Ẹ wọ bàtà tí kò ní yọ̀, ẹ mú aṣọ òjò dání bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, kí ẹ sì wo àkókò bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, nítorí pé abúlé ni ibẹ̀, bọ́ọ̀sì kò pọ̀. Bí ẹ bá dé orí rẹ̀, ẹ pe ìyá wa lórí fóònù, kí ẹ yí ojú fóònù sí àfonífojì náà, kí ó rí i.